Ilẹ̀ Màmá Tó Di Ọ̀nà

Níbi ìsìn orin tí wọ́n ṣe fún ìyá bàbá mi, ọkùnrin kan gba gbohùngbohùn, ó ní oníwà pẹ̀lẹ́ ni Màmá. Mo gbójú sókè, mo wo fọ́tò tó wà níwájú, bóyá mo ṣi ilé wọ̀ ni. Ọkùnrin náà kì í ṣe ará Ayégbajú, nítorí náà mi ò bínú sí i. Màmá tí èmi mọ̀ lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kó máa bá ẹni tó ń kọjá jà gba ojú fèrèsé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì dúró lórí ẹ̀rọ. Onítọ̀hún á ti délé kó tó rántí ohun tó yẹ kó fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹbí wa, mi ò ní jiyàn.

Yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni Màmá ń rán. Kì í rán aṣọ àgbà. Ó ní àgbàlagbà máa ń fa ikùn sínú tí wọ́n bá ń wọn ìbàdí rẹ̀, tí aṣọ bá wá fún mọ́ ọn lára, aránṣọ ni yóò bú. Kò sí ọmọ kan nínú ìlú wa tí yunifọ́ọ̀mù Màmá bá lára mu ní ọdún tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Tèmi, nígbà tí mo wọ kíláàsì kìíní, apá rẹ̀ bo ìka mi mọ́lẹ̀, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wúwo nítorí aṣọ tí Màmá ká sínú rẹ̀. Mo sunkún títí. Ó fi eyín gé òwú, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Aṣọ ti ṣe tirẹ̀. Ìwọ ló kù kó o dàgbà."

Kí n má baà máa lọ́ ọ̀rọ̀ po, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹbí Màmá ló ni ilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Ọ̀yẹ́. Nígbà tí yunifásítì dé sí Ọ̀yẹ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò rí ilé gbé níbẹ̀ mọ́, wọ́n ya wọ Ayégbajú, oko ẹ̀gẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í di họ́sìtẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó múlé tì wá kọ́kọ́ ta tiwọn. Ẹbí Màmá náà wá pín ilẹ̀. Ohun tó bọ́ sí Màmá lọ́wọ́ ni púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó rí tóóró, etí títì gan-an ló wà. Lẹ́yìn rẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ, ni Ìsàlẹ̀ Odò. Àwọn Ìgbìrà tó ń bá wa ṣiṣẹ́ oko ló ń gbé ibẹ̀, àti àwọn opó, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí apá wọn ò ká owó họ́sìtẹ́ẹ̀lì òkè. Ilé Màmá fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Màmá sọ púlọ́ọ̀tì náà di ọ̀nà, kí ọkọ̀ lè máa dé Ìsàlẹ̀ Odò. Nígbà tó kú, ẹbí rẹ̀ fẹ́ sin ín sí àárín ọ̀nà náà, kí ilẹ̀ lè padà di ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn tó tí ẹ ò bá mọ obìnrin náà.

Kí ọ̀nà tó wà, àárín ilé sí àárín ilé la máa ń gbà. Bí èèyàn méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan á fara mọ́ ògiri. Ní ọdún kan, òjò pọ̀, omi ìdọ̀tí láti họ́sìtẹ́ẹ̀lì òkè ṣàn wá sí Ìsàlẹ̀ Odò, ó wọ kànga àwọn kan, onígbá-méjì bá bẹ̀rẹ̀. Màmá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú. Ẹni tó gbé e jáde ni Bàbá Ozohu, Ìgbìrà gíga kan tó ń gbé ilé kejì sí Màmá, tó ń ro oko fún àwọn ará ìlú wa. Inú bárò tó fi ń kó simẹ́ǹtì ló gbé Màmá sí. Ìyẹn dun Màmá ju àìsàn lọ. Tí ọkùnrin náà bá sáré, Màmá á ní ṣé ó fẹ́ da òun nù ni. Tó bá rọra, á ní ṣé ó fẹ́ kí òun kú sójú ọ̀nà ni. Wọ́n dé títì, wọ́n rí mọ́tò, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìdó, wọ́n fa omi sí i lára.

Màmá ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí onígbá-méjì mú Bàbá Ozohu náà. Bárò kan náà ni wọ́n gbé e sí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta. Tí wọ́n bá dé igun ilé kan, wọ́n á dúró, wọ́n á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, kí wọ́n tó lè yí. Igun ilé sì pọ̀. Kí wọ́n tó dé títì, ó ti kú. Nígbà tí Màmá dé láti Ìdó, ó ní kí wọ́n bá òun pè é wá, òun fẹ́ sọ fún un pé bárò rẹ̀ ń mì jù. Wọ́n sọ fún un. Mo wà níbẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Èmi kúrú. Bárò gbà mí."

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹbí ń pín ilẹ̀. Àbúrò Màmá ọkùnrin ni olórí ẹbí, Bàbá Olórí ni gbogbo wa ń pè é. Ó pe awọnlẹ̀ wá, awọnlẹ̀ tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì. Púlọ́ọ̀tì tò lọ rẹrẹ, ọ̀nà ọkọ̀ dé iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí Ìsàlẹ̀ Odò yẹ kó wà, bébà funfun ni. Ẹnikẹ́ni ò pe Màmá sí ìpàdé náà. Ó wá, ó gbé àga tirẹ̀ dání. Ó fi ìka kan ibi funfun náà, ó ní, "Kí ló wà níbí?"

Awọnlẹ̀ ní, "Màmá, ibẹ̀ ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi."

"Ulé mi ló wà níbẹ̀."

Bàbá Olórí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ayálégbé ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á lọ lọ́jọ́ kan."

"Ìwọ náà á lọ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ṣáà fa ọ̀nà dé ulé rẹ."

Ẹ má rò pé awọnlẹ̀ ò mọṣẹ́ o. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún Màmá pé bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn nìyẹn. Kí ìlú tó fẹ̀ sí i, wọ́n á kọ́kọ́ wo ibi tí omi máa gbà, ibi tí wọ́n máa gbé aláìsàn gbà, àti ibi tí ìdọ̀tí máa lọ, kó má baà jẹ́ pé orí ẹni tí ò lówó ni gbogbo rẹ̀ á máa ṣàn lé. Ó ní àwọn tó gbéṣẹ́ fún òun ni kò béèrè fún un. Màmá ní kí wọ́n lọ bu oúnjẹ wá fún un. Nígbà tó jẹun tán, Màmá ní kó fa ọ̀nà gba orí púlọ́ọ̀tì òun, àárín fún ọkọ̀, etí méjèèjì fún gọ́tà.

Bàbá Olórí fò dìde. "Ilẹ̀ etí títì! Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín báyìí?"

"Ó ti ń ṣe mí tipẹ́," ni Màmá wí. Ó yíjú sí awọnlẹ̀. "Máa fà á lọ, jàre."

Bàbá mi ni àkọ́bí Màmá. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé òun ni púlọ́ọ̀tì náà ì bá bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀la. Ó wà ní ìpàdé náà. Ó kàn ń wo àwòrán náà bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ rẹ̀ fún ẹlòmíràn lójú rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìyẹn kó tó tún jẹun nílé Màmá. Ó kọ́ ilé tirẹ̀ sí òdìkejì títì, ó sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ìyá òun fẹ́ràn ayálégbé ju ọmọ lọ. Màmá gbọ́. Ó ní, "Ọmọ mi ní mọ́tò. Kí ló fẹ́ kí n fún un?"

Wọ́n parí ọ̀nà, wọ́n fi simẹ́ǹtì ṣe gọ́tà, Màmá bá sọ ara rẹ̀ di wolé-wolé gọ́tà. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sójú fèrèsé tó kọjú sí i. Ọkùnrin kan tó ń kọ́ họ́sìtẹ́ẹ̀lì lókè gbé páìpù wá, ó fẹ́ kí omi ìgbẹ́ sọ̀kàwéè rẹ̀ máa bọ́ sínú gọ́tà. Màmá gòkè lọ bá a. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, omi lásán ni." Màmá ní tó bá jẹ́ omi lásán ni, kó bu díẹ̀ mu kí òun rí i. Ọkùnrin náà lọ gbẹ́ kòtò tó jìn, ó kó páìpù rẹ̀ nílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni Màmá jàre. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ìrẹsì tó ṣù sínú gọ́tà, ló bá kọjú sí Ìyá Ozohu, opó Bàbá Ozohu, ó ní obìnrin náà ló dà á síbẹ̀. Ìyá Ozohu ní òun kọ́. Màmá ní, "Ìwọ náà ni." Gbogbo Ìsàlẹ̀ Odò jáde wá wòran. Ìyá Ozohu bọ́ gèlè so mọ́ ìdí, ó ní tí kì í bá ṣe ti ọ̀nà tí Màmá fún àwọn ni, ohun tí òun ì bá sọ, etí Màmá ò ní gbà á. Màmá ní kó sọ ọ́, etí òun tóbi. Ìgbà tó yá la wá mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe àṣeyẹ lókè ló da ìrẹsì náà. Màmá ò bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ "má bínú" kì í yọ lẹ́nu rẹ̀, mi ò mọ ohun tó fà á. Ó ránṣẹ́ pe Ìyá Ozohu, ó fi okùn wọn ejìká rẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀. Ó rán bùbá kan fún un. Aṣọ àgbà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé Màmá rán nìyẹn. Ìyá Ozohu wọ̀ ọ́, èèyàn méjì ló lè gbé inú rẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n ó tóbi."

"O máa sanra."

Nígbà tí bàbá bàbá mi kú, àwọn ẹbí fẹ́ sin ín sí ẹ̀yìn ilé, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún onílé. Ẹ̀yìn ilé náà ni kànga wà, kànga tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Odò ń pọn láti ìgbà tí ti àwọn yòókù ti bàjẹ́. Màmá ní rárá. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí ni àwọn èèyàn á máa wí, ọkùnrin tó kọ́ ilé kí wọ́n wá lọ sin ín síta bí aláìnílé. Ó sunkún ọkọ rẹ̀ dáadáa, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ojú rẹ̀ wú. Ṣùgbọ́n ó nu imú, ó ní, "Mo fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ò ní mu ọkọ mi." Itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sin bàbá sí, lára àwọn tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni, torí pé ibẹ̀ kún lẹ́yìn ìyẹn.

Bàbá mi bi Màmá léèrè lọ́jọ́ kan pé níbo ni Màmá fẹ́ kí wọ́n sin ín sí tí ọlọ́jọ́ bá dé. Mo rò pé ó fẹ́ kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ìyá sí ọmọ ni. Màmá ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó ní, "Mi ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wá ibì kan." Ojú ti bàbá mi. Ó bá mi wí nítorí mo rẹ́rìn-ín.

Ibà ọlọ́jọ́ díẹ̀ ló pa Màmá. Ọkọ̀ wọlé wá gbé e lórí ọ̀nà rẹ̀, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ gan-an. Ọsibítù ní Ìdó ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Ó ti dàgbà. Mo mọ̀ pé ó ti dàgbà, ó sì dùn mí bí ẹni pé ọmọdé ló kú.

Níbi ìpàdé ẹbí, Bàbá Olórí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀yìn ilé ò ṣeé sin ín sí, Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà ayé wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì ti kún. Ṣé wọ́n á wá sin àkọ́bí bàbá àwọn sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn ni? Ilẹ̀ kan ṣoṣo ló ní lábẹ́ ọ̀run, ibẹ̀ náà ni kó sùn. Wọ́n á fi ọgbà yí i ká, wọ́n á fi táìlì sí i. Kò sọ pé oníhọ́sìtẹ́ẹ̀lì kan ti ń béèrè ìyókù ilẹ̀ náà lọ́wọ́ òun. Kò pọn dandan kó sọ ọ́, ọkùnrin náà jókòó sínú ọkọ̀ níta.

Mo ní, "Bàbá, ọ̀nà ni ibẹ̀."

Bàbá mi kò wò mí. "Ilẹ̀ ìyá mi ni ibẹ̀."

Mi ò ní purọ́ mọ́ bàbá mi, kì í ṣe nítorí họ́sìtẹ́ẹ̀lì. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sin ìyá tiwọn síbi tí ayé ti lè rí i. Òun náà fẹ́ kí ẹni tó bá ń ti Ìfàkì bọ̀ rí orúkọ ìyá rẹ̀ kó tó rí ohunkóhun ní Ayégbajú. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń bínú sí Màmá, ìbínú náà ò tíì tán tí Màmá fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá Ozohu wá, ó kó àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀ Odò sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ rántí wa. Tí ẹ bá dí ibẹ̀, ibo la máa gbé aboyún gbà?" Bàbá Olórí ní kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Bàbá mi ní kó dìde.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, láti ìdájí ni wọ́n ti gbẹ́ kòtò náà. Àárín ọ̀nà gan-an ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, torí Bàbá Olórí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣì ṣeé gbà. Yanrìn tí wọ́n wú jáde dí apá ọ̀tún dé gọ́tà, búlọ́ọ̀kù ọgbà dí apá òsì. Iṣẹ́ náà gún régé. Gbogbo ẹbí dúró sí etí títì pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n ń retí òkú láti Ìdó. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nílé Màmá, àwọn ìyá ìjọ ti fi léèsì bo ibùsùn, wọ́n ti ń kọrin, torí òkú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ilé rẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ síbẹ̀, kí àwọn èèyàn wò ó, kí wọ́n tó gbé e jáde lọ sin.

Áńbúláǹsì dé pẹ̀lú ariwo rẹ̀. Ó yà kúrò lórí títì, ó sì dúró. Dẹ́rẹ́bà yọrí síta.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Níbo ni ilé wọn?"

Gbogbo wa nawọ́ sí ìsàlẹ̀, kọjá lórí kòtò.

"Ibo ni kí n gbà?"

Ẹ gbà mí! Nínú gbogbo ìpàdé tí wọ́n ṣe, wọ́n ti jíròrò táìlì, wọ́n ti jíròrò irin ọgbà, wọ́n jà lórí ohun tí wọ́n á kọ sára mábù. Kò sẹ́nì kankan tó rò ó pé òkú náà ní láti kọjá. Wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ méjì lọ wo àárín ilé. Wọ́n padà wá, wọ́n ní pósí ò ní yí níbi igun àkọ́kọ́.

Bàbá Olórí ní kí wọ́n kúkú sin ín báyìí, kó má wulẹ̀ wọlé mọ́. Àwọn obìnrin figbe ta. "Háà! Kó má wọlé? Kí ló ṣe? Ṣé ó jalè ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá mi lára, mo rí i. Ó dúró sí etí kòtò, ó ń wo inú rẹ̀. Lápá kejì kòtò, Ìyá Ozohu àti àwọn ará Ìsàlẹ̀ Odò ti gòkè wá, àwọn náà dúró, wọ́n ń wò ó. Wọn ò bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Bàbá mi ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ kún un."

"Kún kí ni?" Bàbá Olórí ni.

"Kòtò yìí."

"Níbo la máa wá sin ín sí?"

Bàbá mi bojú wo òdìkejì títì, ilé tirẹ̀, níbi tí kò sí kànga kankan nítòsí, tó jẹ́ pé ó ti fi búlọ́ọ̀kù sàmì sí iwájú rẹ̀ láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ń sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn láti ìgbà tó ti kọ́ ilé náà. Ó ní, "Iwájú ilé mi. Kí àwọn ọ̀dọ́ lọ bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀." "Ìyá mi ni. Ó gbọ́dọ̀ délé."

Bàbá Olórí lọ jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú oníhọ́sìtẹ́ẹ̀lì. Bàbá mi gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ́ kòtò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn padà pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Ozohu kúnlẹ̀ lápá ọ̀hún, ó ń fi ọwọ́ wọ́ yanrìn sínú. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mú bàsíà. Èmi náà bọ́ bàtà. Nígbà tó kún, gbogbo wa gun orí rẹ̀, a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọmọ onílẹ̀ àti ayálégbé, títí tí dẹ́rẹ́bà fi sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀ ẹ́ wò, tó ní ó ti le tó.

Ó padà sídìí ọkọ̀, ó ṣáná sí i. A yà sí etí gọ́tà lápá ọ̀tún àti òsì. Áńbúláǹsì náà rọra gun orí sàréè tí wọ́n gbẹ́ fún Màmá, ó kọjá lórí rẹ̀, ó sì gbé e lọ sílé.